Kọ́pà Pupa, Kọ́pà Dúdú

"Ùwọ ńkọ́? Ṣáàjì mélòó ni kọ́pà yìí gbé?"

Èmi kọ́ ni bàbá tíṣà ń bi. Àpótí ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló dojú kọ, tó na ẹfun ìkọ̀wé sí i bí ẹni ń na àkàrà sí ọmọ. Ọyẹ́ ń fẹ́ lórí ewé máńgòrò lẹ́yìnkùlé, òórùn iṣu sísun ń bọ̀ láti ilé kejì. Orí mi wú.

Aládùúgbò wa ní Ìlọfà ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìbejì ni èmi, ibà sì ti pa ẹnìkejì mi nígbà òjò. Òun ló mọ kẹ́mísírì, òun ló máa ń là á yé mi. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹ̀ dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá mi sì ti búra pé bí mo bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò, kí n palẹ̀ ìwé mọ́, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìlọrin. Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn ilé ìwé bí ẹyinjú.

Bàbá tíṣà ní kí n máa wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ òun nírọ̀lẹ́. Ìbejì lòun náà, ẹnìkejì rẹ̀ ti lọ láti kékeré. Ohun tí a bá fún alààyè, a ó fún ẹni tó lọ: ife omi méjì ló máa ń bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìbéèrè náà, méjì ló máa ń bi: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún àpótí.

Lọ́jọ́ yẹn, ó ti kọ́kọ́ bi mí ní tèmi. "Ṣáàjì, ìyẹn iná tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbé, òdì méjì ni ti ọ́síjìn. Òun la mọ̀, òun la ó fi wá ti kọ́pà, kí gbogbo ẹ̀ lè já sí òdo. Nínú èròjà pupa tí kọ́pà àti ọ́síjìn para pọ̀ ṣe, kọ́pà méjì ló wà pẹ̀lú ọ́síjìn kan. Mélòó ni kọ́pà kọ̀ọ̀kan gbé?"

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ẹyọ kan, sà."

Èròjà dúdú ló wá fi bi àpótí, níbi tí kọ́pà kan ṣoṣo ti dá wà pẹ̀lú ọ́síjìn kan.

Afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Àpótí náà dún díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn sún lórí ẹ̀.

"Méjì."

Ẹnu mi ló ti jáde, ṣùgbọ́n ohùn mi kọ́. Ohùn ẹnìkejì mi ni, pẹ̀lú ìkánjú rẹ̀.

Bàbá tíṣà mirí sí àpótí. "O káre láé, ọmọ mi."

Mo bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Bó bá ku ẹnìkan, ẹrù ẹni méjèèjì ló gbé. Ìṣirò ni mo fi kọ́ ọ yẹn, kì í ṣe pé mo ń tù ọ́ nínú."

Mo yege. Bàbá tíṣà ti kú tipẹ́, irun tèmi náà ti funfun. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ṣírò ohunkóhun, ohùn yẹn ṣì máa ń ṣáájú mi, ohùn ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ìyá. N ò bá a jà. Èmi nìkan ni mo ń dàgbà fún àwa méjèèjì.