Ikọ́ Tí A Kà Sí Ìyàwó Lọ́rùn

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé, kó kọ́kọ́ wá gbọ́ ohun tí a fojú ìyàwó àbúrò mi rí nílé wa ní Agbassa.

Ọmọ Urhobo ni. Ikọ́ ife ṣe é, ó lo oògùn rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà, kò fo ọjọ́ kan, dókítà sì ní ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí àyẹ̀wò sì ní ikọ́ ife ni, kò sẹ́ni tó wo ọ̀tún wo òsì. Ìyàwó ló kó o ràn wọ́n! Ìyá mi ní àwọn ò lè bá a gbélé mọ́. Àbúrò mi, tó máa ń pariwo lórí bọ́ọ̀lù títí àdúgbò á fi gbọ́, kàn ń wolẹ̀ ni. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò ní Jakpa Road, èmi gan-an ni mo fi mọ́tò mi gbé e lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ogunu. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wà nínú ilé yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú dé ni wọ́n ti ń wúkọ́, tí àwọn àti ìyá mi jọ ń jókòó ní pálọ̀, tí a ti fèrèsé pa nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ikọ́ àgbà la pè é. Ta ló máa sọ fún àgbà pé kó wá wúkọ́ sínú ike? Omi gbígbóná la máa ń gbé fún wọn, orí ìkúnlẹ̀ la sì ti ń gbé e.

Níbi iṣẹ́ wa, àwọn olùwádìí ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn láti mọ irú kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ife ní ìdílé ìdílé: òmíràn ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, òmíràn ti dé Íńdíà, ó ti dé Bràsíl. Ti ìyàwó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tó ń ṣàìsàn. Mo gba ti ìyá mi. Mo ní gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ ṣe é, mo fi ìyẹn gba ti ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sì bá mi yan odì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àbájáde dé. Kòkòrò ìyá mi àti ti ẹ̀gbọ́n wọn, ọ̀kan náà ni. Ti ìyàwó, ìdílé mìíràn pátápátá.

Mo kà á fún ìyá mi. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹ̀gbọ́n wọn ń bọ̀.

"Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Kí wọ́n ṣáà máa lo oògùn. Pe ìyàwó, ní kó máa bọ̀, a ti dárí jì í."

Dárí jì í! Orí mi gbóná. Mo pe é lójú wọn, mo tan sípíkà fóònù kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹni tí ikọ́ ti wá.

"Àwa la ṣẹ̀ ọ́," mo ní. "Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé."

"Aunty, I don hear. I tell una say no be me. Na paper una come believe. Mama dey take her drug?"

"Wọ́n ń lò ó."

"Make she no miss am. But me, I no dey come back."

Ó pa fóònù. Ìyá mi ní kí n tún un pè, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e.