Àwòrán Yàrá Ìyá Mi

Títí di òní, bí mo bá ń kọjá létí títì tí afẹ́fẹ́ gbé òórùn epo ọkọ̀ wá bá mi, oorun ló máa ń kọ́kọ́ kùn mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú òórùn yẹn ni mo ti dàgbà, ní Agblangandan, nínú yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ìyá mi jọ ń sùn. Àwọn onífàyàwọ́ ń gbé epo wá láti ọ̀nà Sèmè, ìyá mi ń rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n ń tà á fún àwọn ọlọ́kadà lẹ́bàá ọ̀nà. Esáǹsì ni epo náà ń jẹ́, àmọ́ kpayó ni gbogbo ayé ń pè é. Èyí tí kò bá tà, inú bídọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì ńláńlá, ló ń wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lẹ́bàá ògiri, nítorí olè. A kì í ṣáná níbẹ̀ rárá. Inú òkùnkùn ni a ti ń sọ̀rọ̀, ohùn ìyá mi á máa jìnnà díẹ̀díẹ̀, títí n ó fi sùn lọ.

Epo yẹn ló rán mi nílé ìwé. Mo di olùkọ́, mo gba yàrá tèmi ní Akpakpa, mo fi ìyá mi sílẹ̀ pẹ̀lú epo wọn nínú yàrá àtijọ́, ọ̀rọ̀ epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lójú. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá béèrè iṣẹ́ ìyá mi, aṣọ ni mo máa ń ní wọ́n ń tà. Mo pa irọ́ náà títí, débi pé èmi fúnra mi ń rí àwọn aṣọ ọ̀hún lójú àlá, tí wọ́n ń fẹ́ lórí okùn létí òkun.

Nígbà tó yá, àìsàn dé sí ìyá mi lára. Orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ sílẹ̀. A tọ́jú ibà, a mu oògùn ẹ̀jẹ̀. Àìsàn náà á lọ, á tún padà bí àlejò tó gbàgbé agboòrùn rẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé wọ́n á kú.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló júwe dókítà obìnrin kan ní Cadjèhoun fún wa. Obìnrin yìí kì í sáré kọ oògùn. Ó sọ pé àìsàn tí kò bá lọ ní ibi tó ti ń jẹun, ibẹ̀ ló yẹ ká wá. Ó béèrè omi tí ìyá mi ń mu, ìrọ̀rí tí wọ́n ń sùn lé, ohun tó pa ìyá tó bí wọn. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lókè ilé, gbogbo wa á dákẹ́ títí yóò fi lọ. Faransé ló ń sọ, èmi ni ògbufọ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìyá mi kọjú sí mi.

“Sọ fún un pé esáǹsì ni mò ń tà.”

Mo wo ilẹ̀ tó ń dán. Mo rántí ẹlẹgbẹ́ mi tó rán wa wá. Mo sọ fún dókítà pé aṣọ ni. Ìyá mi wò mí.

Bí dókítà ṣe dojú kọ oúnjẹ nìyẹn. Kò sí búrẹ́dì mọ́, kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì. Ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà ló kù. Ìyá mi tí kì í mu gàrí láìsí ṣúgà gba gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ọ̀sinmi ni mo máa ń lọ kọ ohun tí wọ́n jẹ sínú ìwé káyé kan. Oṣù kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, ìyá mi ń rù, orí ò yé fọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí dókítà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀: èmi tí mo parọ́ ló ń bínú. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé epo lè ṣe èèyàn ní nǹkan láìjóná. Iná nìkan ni a ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí.

Dókítà wá ní kí n ya àwòrán yàrá tí aláìsàn ń sùn sí, kí n má fo ohunkóhun.

Ọ̀sán Sátidé ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ìyá mi ti sùn lọ. Mo ya bẹ́ẹ̀dì, mo ya fèrèsé, mo ya àpótí. Mo fo àwọn bídọ̀nù. Nígbà tí mo wo ìwé náà, yàrá ẹlòmíràn ni mo rí, ó tóbi, ó ṣófo, n kò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Mo gbójú sókè. Ọwọ́ ìyá mi ti yọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sinmi lé ìdérí bídọ̀nù kan, orí wọn sì wà létí bẹ́ẹ̀dì lókè rẹ̀ gan-an, wọ́n ń mí sínú, wọ́n ń mí síta. Mo ya àwọn bídọ̀nù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn.

Nígbà tí èmi àti ìyá mi padà lọ, dókítà fi ìka lé àwọn nǹkan róbótó inú àwòrán náà, ó béèrè ohun tí wọ́n jẹ́. Ìyá mi ló dáhùn, ní Faransé.

“Esáǹsì ni, dókítà. Kpayó.”

Dókítà gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀. Ó ní òórùn epo lásán lè ba ẹ̀jẹ̀ èèyàn jẹ́, kí a kó àwọn bídọ̀nù jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì kọ ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ń padà díẹ̀díẹ̀, orí fífọ́ kò tí ì lọ tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń gbé àwọn bídọ̀nù lọ sí ìsàlẹ̀ àgbàlá, ni mo bi wọ́n.

“Ìyá, ẹ gbọ́ Faransé?”

“Àwọn tí mò ń ta epo fún láti ọjọ́ yìí, ṣé Nàgó bíi tiwa ni gbogbo wọn?”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí mo ní aṣọ ni?”

Wọ́n gbé bídọ̀nù sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró.

“Kí n wá pe ọmọ mi ní òpùrọ́ níwájú dókítà? Mo ní kí n kúkú máa jẹ ẹ̀fọ́ náà lọ.”