Wáyà Bàbá Mi Kò Jẹ̀bi

Òórùn rọ́bà ni mo fi ń rántí òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ní Bantè, òórùn rọ́bà wáyà tuntun, àti ti ẹ̀sáǹsì tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀yẹ́ ò tíì lọ tán. Ètè wa ń ya, erùpẹ̀ pupa bo ewé gbogbo. Kí àkùkọ tó kọ ni Bàbá ti jí mi, tí àwa méjèèjì jọ ń na wáyà láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ìdí igi àràbà tó wà létí ọjà. Òun ló ń fà á, èmi ni mo ń tú u lára igi tí wọ́n ká a mọ́. "Rọra, Abẹ̀kẹ́," ló ń sọ, "wáyà kì í ṣe okùn ewúrẹ́."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lágbègbè wa á rántí bí kẹ̀kẹ́ ṣe níyì tó láyé ìgbà yẹn. Iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe ni Bàbá mi ń ṣe, Oníkẹ̀kẹ́ sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ṣùgbọ́n àwọn Faransé ti mú un lọ sógun rí, àwọn tó ń na wáyà tẹlifóònù ni wọ́n sì fi í sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Fadá wa, òyìnbó gíga kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, gba ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, Bàbá ni wọ́n ké sí. Ẹ̀rọ náà ní mikirò kan, ìyẹn ọ̀pá irin tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sí, àti gbohùngbohùn méjì tí ẹnu wọn fẹ̀ bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Bàbá gbé ọ̀kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wáyà rẹ̀ ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Èkejì ló lọ sórí igi àràbà, kí àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì ò bá gbà lè máa gbọ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ wa ni. Wọ́n wá láti Bobè, wọ́n wá láti Akpassi, àwọn míì ti sùn sójú ọ̀nà. Èrò kún láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ìdí àràbà. Bàbá Katikíìsì, ẹni tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, ló dúró sídìí mikirò láti pe orúkọ àwọn ẹni mímọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìjọ máa dáhùn ní Látìnnì. Àwa tá a wà lókè, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, dáhùn. Bí Katikíìsì ṣe ń pe orúkọ kejì, ìdáhùn àwọn ará ìsàlẹ̀ já lù ú. Ó pe ẹ̀kẹta, a dáhùn, tiwọn tún ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó sùn gbàgbé. Àwọn tó wà láàárín ń gbọ́ gbohùngbohùn méjì tí kò bára wọn mu, wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá tẹ̀ lé. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ń pòṣé. Kí wọ́n tó dé orúkọ kẹwàá, gbogbo rẹ̀ ti dàrú pátápátá, Katikíìsì sì fi ìbínú pa mikirò.

Nígbà tí ìsìn parí, Fadá jáde síta, ojú rẹ̀ pọ́n ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá níwájú gbogbo èèyàn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Háà, èmi Abẹ̀kẹ́! Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, èmi ló ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì, mo sì gbọ́ Faransé ju bàbá tó bí mi lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mùsíé, olùkọ́ wa, ti fún wa ní ìṣirò ọkùnrin méjì tó gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Savalou, tí ọ̀kan ń bọ̀ ní Bantè, tí èkejì ò lọ jìnnà, ká sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dé. Ìṣirò yẹn ló wà lórí mi. Mo bọ́ síwájú, mo sọ ọ́ ní Faransé, mo tún sọ ọ́ ní èdè wa kí gbogbo ayé lè gbọ́: "Wáyà ti ìsàlẹ̀ ló gùn jù. Ohùn ń pẹ́ lójú ọ̀nà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi! Katikíìsì na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ọmọ tó ka ìwé ti sọ ọ́. Oníkẹ̀kẹ́, ṣé o gbọ́?" Bàbá rọra dáhùn pé nígbà ogun, òun na wáyà tó ju èyí lọ níye ìgbà, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ sì ń dá òun lóhùn kí òun tó pa ẹnu dé. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ̀rọ̀? Fadá ní Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òun ò sì fẹ́ kí ojú ti òun. Ó ní kí Bàbá má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́, pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Savalou tó máa gé wáyà náà kúrú.

Nílé, Ìyá mi ò nà mí. Ó ń ro ọkà, kò sì wo ojú mi tó fi sọ ọ́: "Ẹyin lohùn, Abẹ̀kẹ́. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́." Bàbá ní tirẹ̀ jókòó ti kẹ̀kẹ́ kan tó dojú dé, ó ń fi ọwọ́ yí táyà rẹ̀ láìtún nǹkan kan ṣe. Mo lọ dúró tì í. Ó ní, "Bóyá ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Èmi ò kàwé." Ó dùn mí ju ẹgba lọ. Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá sunkún kí ó tán. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ń pe bàbá mi ní Awáyàgùn.

Ọjọ́ kẹta ni mo pàdé Ìyá Akpassi lódò. Akpassi ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá, ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì àfonífojì tó kọjú sí tiwa, ìdí àràbà ló sì jókòó sí lọ́jọ́ àjọ̀dún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ pé wáyà jẹ́ kí wọ́n máa pẹ́. Ó ṣíwọ́ ìfọṣọ. "Àwa kẹ̀? Àwa pẹ́? Ẹ̀yin tòkè yẹn lẹ ń wọ́ bí ìgbín! Àwa á ti dáhùn tán, tiyín á wá máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà míì."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé omi rù. Àfi bí mo ṣe dé ìdajì òkè tí ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wáyà gígùn ló ń fa ohùn sẹ́yìn, àwọn ará ìsàlẹ̀ nìkan ló yẹ kó pẹ́. Báwo ni àwa tí wáyà tiwa ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ ṣe wá pẹ́ létí wọn?

Mi ò sùn dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́yìn ilé wa, mo ń wo òdìkejì àfonífojì. Ìyá Akpassi ń gúnyán. Mo rí i tí ọmọ odó balẹ̀, kò dún. Ó gbé e sókè, ìgbà náà ló wá dún: gbì! Ó tún balẹ̀, kẹ́kẹ́ pa; ó gòkè, gbì! Láti ìgbà tí mo ti lajú ni mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀, mi ò sì bi ara mi rí pé kí ló dé. Kò sí wáyà kankan láàárín ilé wa àti odó Ìyá Akpassi. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Mo fò dìde, mo kígbe, Ìyá mi rò pé àkeekèé ló ta mí. "Mo ti ba bàbá mi jẹ́," ni mo sọ fún un, mo sì bú sẹ́kún.

Ọjọ́bọ̀ ni ìsinmi wa nílé-ìwé láyé àwọn Faransé. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ti wà ní ilé Fadá. Katikíìsì lé mi. "Lọ bá ìyá rẹ dáná, Fadá ti lọ sí Savalou." Mo lọ, mo tún padà. Ó tún lé mi, ó fi igi halẹ̀ mọ́ mi. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún ara mi pé kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ bí wọ́n bá lè gbé mi. Ebi pa mí. Òjìji máńgòrò kúrò lápá ọ̀tún, ó bọ́ sápá òsì kí n tó gbọ́ ìró alùpùpù Fadá.

Mo sọ fún un ní Faransé pé irọ́ ni mo pa níwájú ìjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, àti pé mo fẹ́ kó gbé gbohùngbohùn méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì kan, kí ọ̀kan lo wáyà kékeré, kí èkejì lo wáyà gígùn náà ní kíká tó wà, kí ọkùnrin Savalou tó gé e. Ó ní kí wọ́n lọ pe Bàbá mi.

Bàbá dé pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gíríìsì. Ó so wáyà. Katikíìsì bọ́ sídìí mikirò, ara rẹ̀ ò lélẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o!" Oòrùn sì ti ń wọ̀. Ó jáde pọ̀ lẹ́nu gbohùngbohùn méjèèjì, ohùn kan ṣoṣo! Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí èyí tó ṣáájú èkejì. Bàbá wá gbé ọ̀kan dání, ó ń tú wáyà lọ títí dé ìdí àràbà. Katikíìsì sọ̀rọ̀. Láti ibi tí àwa dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ti àràbà dé lẹ́yìn. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ tọ Bàbá lọ, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo juwọ́ pé kó tún un sọ. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì ló pẹ́.

Fadá wá bá wa, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní inú wáyà kọ́ ni ohùn ti ń fẹsẹ̀ rìn; ohun tó ń gbé e lọ níbẹ̀, kí èèyàn tó ṣẹ́jú ló ti dé, wáyà ìbáà gùn títí dé Tchetti. Ìgbà tí ohùn bá jáde lẹ́nu gbohùngbohùn sínú afẹ́fẹ́ ló tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe mànàmáná lẹ kọ́kọ́ ń rí kẹ́ ẹ tó gbọ́ àrá?" Ó na ọwọ́ sí Bàbá, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tòun ti gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní òun máa ṣàlàyé fún ìjọ lọ́jọ́ Àìkú.

Mo ní rárá. Bàbá yà mí lẹ́nu, òun náà ní kí n fi í sílẹ̀, ó ti tó. Mo ní èmi ni mo sọ ọ́ níwájú wọn, èmi náà ni màá kó o nílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú Bíṣọ́ọ̀bù, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àpótí fún mi kí ẹnu mi lè tó mikirò. Mo sọ ọ́ ní èdè wa, mi ò sọ Faransé kankan: "Èmi Abẹ̀kẹ́, ọmọ Oníkẹ̀kẹ́, mo ṣìnà. Wáyà bàbá mi ò jẹ̀bi. Òun ló mọ̀ ọ́n, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n." Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń padà bọ̀ láti ìdí àràbà, ó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá sì ti sọ fún Katikíìsì pé kó máa dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ìdáhùn tòkè àti tìsàlẹ̀ lè dé tán kó tó pe èyí tó kàn. Ìsìn náà lọ gaara. Nígbà tá a délé, Bàbá gé orí ẹja inú ọbẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sínú àwo mi. Orí ẹja, tí kì í fún ẹnikẹ́ni!

Èmi náà di olùkọ́, mo di ọ̀gá ilé-ìwé. Mo kọ́ àwọn ọmọ nípa ohùn àti mànàmáná títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ń fi ìtàn yìí yangàn fún wọn. Ohun tí mi ò sọ fún wọn rí ni ti olùkọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Tchetti, tí mo dójú tì níwájú gbogbo olùkọ́ pé ó sọ ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé nù. Wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ wa nítorí rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo rí ìwé yẹn nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Mo jó o níná.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn wò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá fi ọ̀sẹ̀ kan kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Èmi ìyá àgbà, ó ti lé lógójì ọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti di arúgbó, ó ṣì wà láàyè ní Tchetti. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, kó sì ránṣẹ́ sí èyí tó bá kù nínú àwọn olùkọ́ wa. Ọmọ mi ní kí n kàn pè é lórí fóònù. Mo ní rárá.