Ọjọ́ tí Mo Bá Tíṣà Jiyàn Nítorí Òkúta Inú Aṣọ

Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ sínú oòrùn nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni n kò lè gbàgbé láyé mi. Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ nígbà náà, mo sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Bosso, nínú ìlú náà.

Tíṣà físíìsì wa ní kí a na aṣọ kan. Ó gbé òkúta sí àárín rẹ̀, aṣọ sì tẹ̀. Ó ju bọ́ọ̀lù kékeré sórí rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà yí lọ bá òkúta. Ó ní, "Bí oòrùn ṣe ń tẹ òfuurufú nìyẹn, tí ayé fi ń yí i po."

Mo nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fa òkúta náà wálẹ̀ tí aṣọ fi tẹ̀? Ṣé kì í ṣe agbára òòfà ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé fún wa náà ni?"

Ó ní mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kí n lọ kúnlẹ̀ síta títí n ó fi tọrọ gáfárà.

Ọ̀rẹ́ mi Hawwa yọ́ wá bá mi. "Ki yi haƙuri, ní sùúrù, lọ bẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "A'a, rárá. Ìbéèrè ni mo bi í, n kò bú u."

Orúnkún mi bó, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọn yóò lé mi, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, tíṣà jáde wá. "Báwo ni ìwọ ì bá ṣe ya àwòrán bí oòrùn ṣe ń tẹ òfuurufú?"

"N kò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé àkókò pàápàá máa ń falẹ̀ nítòsí ohun tó wúwo. Aṣọ yẹn kò fi ìyẹn hàn."

Ó ní, "Dìde. Èmi náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà á."

Mo wọlé láì tọrọ gáfárà. Tíṣà ni èmi náà lónìí, ọmọ kankan kò sì kúnlẹ̀ rí ní kíláàsì mi nítorí pé ó béèrè ọ̀rọ̀.