Páìpù Bàbà Fàsásì

Fàsásì, tí ń ṣáájì bátìrì mọ́tò láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Iṣẹ́ méjèèjì kò gba ìdọ̀tí. Ẹni tí yóò pe ìrun gbọ́dọ̀ wà ní mímọ́; omi tí yóò wọ inú bátìrì sì gbọ́dọ̀ mọ́ ju omi mímu lọ, nítorí iyọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú omi kànga a máa pa bátìrì díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1984, omi bátìrì tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Fàsásì bá kọ́ bí a ṣe ń sè é lọ́dọ̀ Ignatius, ẹni tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé kan. Ó gbé ìkòkò onídèrí kaná, ó ki páìpù bàbà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì mú páìpù náà gba inú garawa omi tútù kọjá. Ooru omi a gòkè, a tutù, a sì máa kán sínú ìgò. Àwọn ohun tí omi náà kò ní nìwọ̀nyí: àwọ̀, òórùn, adùn, iyọ̀, erùpẹ̀. Àwọn tí ń wá a ni awakọ̀, ayàwòrán tí ń po oògùn fọ́tò, àti àwọn ẹlẹ́rọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí iná, ìkòkò àti páìpù tí ń kán tó-tó-tó, kí ni yóò wí bí kò ṣe ògógóró? Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, lèmọ́mù, Alfa Àbúdùlàhí, mú àgbààgbà méjì wá.

“Ládàánì, wọ́n ní o ń pọn ọtí.”

“Ẹ tọ́ ọ wò, Alfa.”

“Kí n fi ẹnu ọtí lọ kírun Jímọ̀?”

Fàsásì bu omi náà díẹ̀, ó ṣáná sí i. Ọtí ì bá gbiná, ṣùgbọ́n iná kú fìn. Ó kán an sórí àwo dígí nínú oòrùn. Ó gbẹ, kò fi àbàwọ́n sílẹ̀. Àgbà kan tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín: “Omi ni. Omi tí kò tilẹ̀ ládùn.”

Kúlísúmù, ìyàwó Fàsásì, sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: “Àwọn tó gbóòórùn ọtí, ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n!”

Alfa fọwọ́ kan páìpù. “Níbo lo ti ra èyí?”

Ẹnu tí ń pe ìrun kò gbọdọ̀ purọ́. “Lọ́wọ́ opó apọntí kan lọ́nà Afo. Mo sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje.”

“Ẹ̀yìn lo fọ̀. Ta ló rí inú? Ẹlòmíràn ni yóò máa pe ìrun títí a ó fi mọ̀ ọ́n.”

Fàsásì fa ayùn irin yọ.

“Bàbá Àbẹ̀ẹ́bí, ẹ má gé e! Òmíràn kò sí lọ́jà!” ni Kúlísúmù ké.

Fàsásì là á sí méjì gbọọrọ. Inú rẹ̀ ń dán. Alfa fi ìka nù ún, kò rí nǹkan kan. “Ó mọ́. Wá pe ìrun.”

Ó pè é lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láìsí páìpù, kò lè se omi bátìrì mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, awakọ̀ kan láti àdúgbò Idasen wá kó bátìrì rẹ̀ lọ. Ó ní wọ́n ń ta omi kànga sísè fún bátìrì ní gáréèjì.

“Sísè nìkan kì í mú iyọ̀ kúrò,” ni Fàsásì wí.

Awakọ̀ náà ti ṣíná mọ́tò rẹ̀.