Mò Ń Mánéèjì

Kì í ṣe pé mo purọ́ fún obìnrin náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Òótọ́ ni mo sọ fún un, òótọ́ ọ̀hún ló sì gbé mi ṣubú.

Làkúrègbé ló ń ṣe mí. Ẹ má rò pé irú èyí tí ìyá àgbà yín ń fi òrí pa lálẹ́ ni o. Tèmi máa ń wọ oríkèé ọwọ́ àti orúnkún, á wú, á gbóná, àárọ̀ mìíràn á sì wà tí mi ò ní lè di ṣíbí mú. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, tí mò ń gbé wọn dìde, tí mò ń wẹ̀ wọ́n, kó tó di pé ara tèmi kọ̀ṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba wá ń fún mi ní owó àìlera, wọ́n sì fi apá kan rẹ̀ gbé ọkọ̀ kékeré kan fún mi, tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ rọ̀. Bí owó náà bá dúró, ọkọ̀ náà á lọ. Ọkọ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń gbé mi lọ sí ọsibítù, sí ọjà, sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láìsí i, inú fúláàtì mi lẹ́bàá omi Southmere ni màá jókòó sí, tí màá máa ka pẹ́pẹ́yẹ láti ojú fèrèsé.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò. Wọ́n rán obìnrin kan wá sílé, òyìnbó jẹ́jẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Àlejò wọlé, mo dìde, mo gbé ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ṣé kí n jókòó bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé ni? Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Báwo ni mo ṣe ń se oúnjẹ? Mo ní, "I'm managing." Ìwẹ̀ ńkọ́? "I'm managing, we thank God." Aṣọ wíwọ̀? Àtẹ̀gùn? Mánéèjì, mánéèjì. Mo tilẹ̀ mí kanlẹ̀ sí i, mo mi orí, kó lè mọ̀ pé nǹkan le. Nígbà tó ń lọ, inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ mi yé e.

Ọmọbìnrin mi, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló ka lẹ́tà wọn fún mi. Ìlú yìí la bí i sí, ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Powis Street ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti ní yàrá tirẹ̀, ọjọ́ Sunday nìkan ló máa ń ráyè wá. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè wò mí.

"Mummy, kí ló dé tí o sọ fún wọn pé o ń manage?"

'O' ló ń pè mí, kò mọ 'ẹ' tí wọ́n ń pe àgbà. Mo ti bá a jà títí, ó ti sú mi.

"Kí ni kí n sọ? Ṣé kì í ṣe mánéèjì ni mò ń mánéèjì ni?"

"Manage, ó túmọ̀ sí pé o lè ṣe é! Wò ó níbí: ó lè se oúnjẹ, ó lè wẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Òdo, òdo, òdo ni máàkì tí wọ́n fún ọ, Mummy. Wọ́n ti dá owó náà dúró."

Háà! Ẹnu mi ò lè padé. Níbi tí wọ́n ti bí mi, bí èèyàn bá ní òun ń mánéèjì, abọ́ oúnjẹ lo máa gbé tọ̀ ọ́ lọ. Iná ti jó dórí kókó nìyẹn. Ẹni tó ń mu gààrí láàárọ̀, tó ń mu ún lálẹ́, òun ló ń mánéèjì. Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ náà, àwa la mọ ìyà inú rẹ̀.

A kọ̀wé pé kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò, wọ́n ní bákan náà ni. Wọ́n wá gbé ọkọ̀ wọn ní ọjọ́ Tuesday kan. Aládùúgbò mi yọjú, ó bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní mo tà á ni, mo fẹ́ ra tuntun. Ẹ gbà mí! Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún títí imú mi fi dí.

Ibi tó kù ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ irú wa: adájọ́ kan, dókítà kan, àti obìnrin kan tí òun náà wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera. Mo bẹ ọmọ mi pé kó dúró síta. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó lọ jókòó lẹ́yìn mi.

Adájọ́ bi mí pé, "Bí ẹ bá ní ẹ ń mánéèjì, kí lẹ ní lọ́kàn?"

Mo wolẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí àdúrà pé kí Ọlọ́run má tú wa láṣírí. Àwọn mẹ́ta yìí wá ní kí n fi ọwọ́ ara mi tú u, kí àṣírí mi tó lè bò. Irú ayé wo rèé?

Mo sọ fún wọn. Mo ní àárọ̀ mìíràn wà tí mi ò lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ní mo lè lo ọjọ́ márùn-ún láìwẹ̀, èmi tí mo wẹ ìyá oníyàá fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Dókítà bi mí léèrè oúnjẹ. Mo ní ọwọ́ mi ò lè ro ẹ̀bà mọ́, kò lè gbé kẹ́tù omi gbígbóná. Ó ní kí ni mo wá ń jẹ. Mo ní bísíkíìtì. Mo ní bí ọmọ mi bá bi mí, mo máa ń sọ fún un pé mò ń gbààwẹ̀.

Mo gbọ́ tí àga dún lẹ́yìn mi. Mi ò yíjú.

Wọ́n ní ká lọ dúró síta. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, wọ́n ní àwọn ti dá owó náà padà, fún ọdún méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún wá bi mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú ń tì mí bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ láàárín ọjà.

Bọ́ọ̀sì la wọ̀ padà sílé, sí Thamesmead. Nígbà tí a kọjá ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, ọmọ mi yíjú sí mi.

"Mummy. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún ti January yẹn."

Ó ti fi ààwẹ̀ yẹn yangàn fún gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìyá òun lágbára nínú ẹ̀mí.

"Ẹn-ẹ́n?"

"Ọjọ́ mélòó ló jẹ́ ààwẹ̀ lóòótọ́ níbẹ̀?"

Mo fẹ́ purọ́. Ó rẹ̀ mí.

"Mẹ́ta," ni mo wí.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un pinpin. Ó dùn mí dé eegun, mi ò sọ fún un.