Páìpù Méjì Àǹtí Góòlù

Ọdún kẹtàlélógún nìyí tí Àǹtí Góòlù ti ń fi góòlù bo òrùka ní ilé iṣẹ́ kan náà, páìpù ásíìdì àti páìpù sayánáìdì kò sì pàdé níbẹ̀ rí. Inú ásíìdì ni wọ́n ti ń fọ òrùka mọ́. Inú tánkì sayánáìdì, oògùn olóró tí góòlù ń yọ́ sí, ló ti ń gbé góòlù wọ̀. Omi ìdọ̀tí ti ìhín ní páìpù tó ń gbé e jáde, kì í bá ti ọ̀hún lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, páìpù ásíìdì dí pa. Oníbàárà sì ń bọ̀ wá kó òrùka ẹgbẹ̀ta lọ́sàn-án. Ọ̀gá tuntun, tí kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀, yọjú.

"Àǹtí, ẹ da gbogbo ẹ̀ sí páìpù kejì, jàre."

"Rárá o, ọ̀gá mi. Bí ásíìdì bá kan sayánáìdì, gáàsì ló ń dà. Á pa wá."

"Ṣebí ó máa ń rùn bí álímọ́ńdì kíkorò, èso òyìnbó yẹn? Tá a bá ti gbóòórùn ẹ̀, ká sá."

"Ta ló sọ fún yín? Imú ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Imú tí ò mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ yín ń rùn ni kó wá máa ṣọ́ wa?"

Àwọn tó ń di òrùka sí páálí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣe é, àbí kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Iṣẹ́ yìí ni Àǹtí fi ń tọ́ ọmọ méjì. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí gáàsì yẹn ń ṣe. Kì í fún ni lọ́rùn, bí àwọn kan ti ń wí: èémí á wọlé, ẹ̀jẹ̀ á gbé e kiri, ara ni kò ní lè lò ó mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Ó fi àgádágodo ti ẹnu páìpù kejì pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Ó wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó kúnlẹ̀, ó tú ìgbọ̀nwọ́ páìpù tó dí, níbi tó ti tẹ̀, ó sì ń fi wáyà fa ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Oníbàárà dé, ó bínú, ó jókòó. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, omi ya gbùú gba inú páìpù náà lọ. Aago mẹ́fà ni òrùka tó jáde.

Ọ̀gá gbé ìwé ẹ̀sùn àìgbọràn wá, pé kó kọ ọ́ pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àǹtí gba bírò, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Mi ò ní dà wọ́n pọ̀ láéláé." Ó buwọ́ lù ú.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo páìpù, ó ká ìwé náà sápò.

"Aago mélòó lẹ máa dé lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí?"

"Méje. Ẹ̀yin náà ẹ tètè dé. Mo fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tú páìpù."